Ẹ̀bẹ̀ àforíjì fún ẹ̀gbọ́n yín tó ń ṣàìsàn lẹ́wọ̀n

Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá Ìbejì. Ẹ béèrè ẹni tẹ́ ẹ máa kọ̀wé ẹ̀bẹ̀ sí, kí wọ́n lè dárí ji ẹ̀gbọ́n yín. Gómìnà ni kẹ́ ẹ kọ̀wé sí, kì í ṣe Ààrẹ. Olè jíjà lẹ ní ó gbé ẹ̀gbọ́n yín dẹ́wọ̀n. Òfin ìpínlẹ̀ nìyẹn. Abala 212 ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 fún gómìnà lágbára láti dárí jì í tàbí kó dín ọdún rẹ̀ kù. Ká ní oògùn olóró ni, tó jẹ́ òfin ìjọba àpapọ̀, Ààrẹ ló ni ín, lábẹ́ abala 175.

Àmọ́ ó dìgbà tí kóòtù bá ti dá a lẹ́bi o. Tí ẹjọ́ bá ṣì ń lọ, kí lọ́yà yín tọrọ béèlì nítorí àìlera.

Ìwé dókítà lẹ̀mí ẹ̀bẹ̀ yìí. Nígbà ti bàbá wa, "ara wọn ò yá" lásán la kọ, ẹnikẹ́ni ò dá wa lóhùn. Ìgbà tí dókítà ọgbà ẹ̀wọ̀n kọ ọ́ pé kídìnrín ni, pé ẹsẹ̀ wọn wú débi pé sálúbàtà ò wọ̀ ọ́ mọ́, ni wọ́n tó ránṣẹ́ pè wá.

Ẹ so ìwé ìdájọ́ mọ́ ọn. Kẹ́ ẹ fún ọ̀gá ọgbà ẹ̀wọ̀n ní ẹ̀dà kan, kí wọ́n sì buwọ́ lu tiyín pé ó ti tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́.