Bí a ṣe ń mọ ẹni tó wọlé sórí kọ̀ǹpútà láti inú kóòdù lórí Windows XP àti Windows 2000

Ohun tí ẹ sọ ni pé ètò tí ẹ kọ máa ń mú orúkọ ẹni tó wọlé sórí kọ̀ǹpútà wá bó ṣe yẹ nígbà tí ẹ bá fọwọ́ ara yín ṣí i, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ẹ ti sọ ọ́ di service (ètò tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀) lórí Windows XP, tó ń dá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó wọlé, “SYSTEM” nìkan ló ń kọ sínú fáìlì àkọsílẹ̀. GetUserName, ìyẹn iṣẹ́ Windows tí ètò yín ń pè láti béèrè orúkọ, kò ṣì yín lọ́nà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti sọ orúkọ ẹni tí ètò tó pè é ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ àṣẹ rẹ̀, àṣẹ LocalSystem, ìyẹn àkáǹtì Windows fúnra rẹ̀ tó ń jẹ́ “SYSTEM”, sì ni service yín ń lò. Ta ló jókòó síwájú kíbọ́ọ̀dù? Ìbéèrè mìíràn nìyẹn pátápátá, ibòmíràn la sì ti ń béèrè rẹ̀.

Ohun tó ń mú kí ọ̀rọ̀ yìí rú ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú ni pé Windows àtijọ́ kì í ya service àti ẹni tó wà níwájú ẹ̀rọ sọ́tọ̀ dáadáa. Lórí XP, inú sẹ́ṣọ̀n 0 (sẹ́ṣọ̀n ni àyè tí Windows yà sọ́tọ̀ fún ìwọlé kọ̀ọ̀kan) ni ẹni tó bá kọ́kọ́ wọlé máa ń wà, níbi tí gbogbo service náà wà. Vista ló wá kó àwọn ènìyàn kúrò níbẹ̀, tó fi sẹ́ṣọ̀n 0 sílẹ̀ fún service nìkan. Nítorí náà, kóòdù tó bá gbà pé sẹ́ṣọ̀n tí òun wà náà ni ti ẹni tó wà níwájú ẹ̀rọ máa ń tọ̀nà ní ọjọ́ tí ènìyàn kan ṣoṣo bá lo ẹ̀rọ náà, á sì máa purọ́ ní ọjọ́ tí ẹlòmíràn bá gba “Switch User” (tó ń jẹ́ kí ẹlòmíràn wọlé láìjẹ́ pé ẹni àkọ́kọ́ jáde) wọlé, torí pé inú sẹ́ṣọ̀n mìíràn ni ẹni yẹn bọ́ sí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bójú tó irú ètò bẹ́ẹ̀ lórí àwọn ẹ̀rọ tí kò sẹ́ni tó fẹ́ pààrọ̀ wọn, mo sì lè sọ pé irú àṣìṣe tó ń yọjú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan báyìí ló ṣòro jù láti rí mú, nítorí kì í fẹ́ ṣẹlẹ̀ lójú ẹni tó ń wá a.

Lórí XP, ẹ kọ́kọ́ pe WTSGetActiveConsoleSessionId, kí ẹ lè mọ nọ́ńbà sẹ́ṣọ̀n tó so mọ́ ojú kọ̀ǹpútà àti kíbọ́ọ̀dù, lẹ́yìn náà kí ẹ fi nọ́ńbà yẹn béèrè orúkọ báyìí:

WTSQuerySessionInformationW(WTS_CURRENT_SERVER_HANDLE, id, WTSUserName, &oruko, &iye);

Ẹ tún un pè pẹ̀lú WTSDomainName, torí pé orúkọ kan náà lè wà lórí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ kó sì tún wà lórí dòméènì (àkójọ àwọn ẹ̀rọ tí ẹ̀rọ àárín kan ń bójú tó), kí ẹ sì fi WTSFreeMemory dá àyè mẹ́mórì tó fún yín padà. Bí kò bá sí ẹni tó tíì wọlé, kò ní sọ pé àṣìṣe wà: yóò dáhùn pé ó ti ṣe é, yóò sì fún yín ní orúkọ tí kò ní lẹ́tà kankan nínú. Ẹ gbọ́dọ̀ yẹ èyí wò, kí ẹ sì yẹ 0xFFFFFFFF wò pẹ̀lú, èyí tí ìpè àkọ́kọ́ máa ń dá padà nígbà tí kò bá sí sẹ́ṣọ̀n kankan tó so mọ́ ojú kọ̀ǹpútà. Bó bá jẹ́ pé àwọn kan ń gba Remote Desktop wọlé láti orí ẹ̀rọ mìíràn, ọ̀nà yìí kò ní rí wọn. WTSEnumerateSessions ni kí ẹ lò, kí ẹ sì mú sẹ́ṣọ̀n tó bá wà ní ipò WTSActive, ìyẹn èyí tí ẹnìkan ń lò lọ́wọ́.

WTSGetActiveConsoleSessionId kò sí lórí Windows 2000. Bí ẹ bá so ó mọ́ ètò yín tààrà, ètò náà kò ní ṣí rárá níbẹ̀, ohun tí ẹ máa rí ni pé wọn kò rí orúkọ yẹn nínú KERNEL32.dll. Ẹ fi GetProcAddress wá a, bí kò bá sì sí, ẹ wá explorer.exe (ètò tó ń gbé ojú iṣẹ́ Windows jáde fún ẹni tó wọlé) nínú àwọn ètò tó ń ṣiṣẹ́, ẹ ṣí tóókìn rẹ̀ (àkọsílẹ̀ ẹni tí ètò náà ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ àṣẹ rẹ̀) pẹ̀lú OpenProcessToken, ẹ fi GetTokenInformation mú SID (nọ́ńbà tí Windows fi ń dá àkáǹtì mọ̀) tó wà nínú TokenUser, kí ẹ sì fi LookupAccountSid sọ ọ́ di orúkọ. Kò dùn ún wò, ṣùgbọ́n nítorí pé “Switch User” kò sí lórí Windows 2000, ẹni tó ni explorer.exe sábà máa ń jẹ́ ẹni tí ẹ ń wá. Ẹ má ṣe pe LookupAccountSid nígbà tí service ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ o. Bí ẹ̀rọ tó ń bójú tó dòméènì kò bá sí nítòsí, ìdáhùn lè pẹ́, ìṣẹ́jú àáyá 30 péré sì ni Windows máa ń fún service láti fi hàn pé ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ibi tí ó ti gba àkókò ènìyàn jù ni kíka gígùn orúkọ. GetUserName máa ń ka òdo tó parí orúkọ mọ́ gígùn tó dá padà. GetUserNameEx, èkejì rẹ̀ tó lè mú orúkọ wá ní oríṣiríṣi ọ̀nà, kì í kà á mọ́ ọn bó bá ti mú orúkọ náà wá. Iye báìtì ni WTSQuerySessionInformation sì ń sọ, kì í ṣe iye lẹ́tà. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi Visual Basic 6 tàbí Delphi kọ ọ́, bí ẹ kò bá yọ ẹyọ kan kúrò nínú ti GetUserName, orúkọ náà yóò hàn dáadáa lójú kọ̀ǹpútà, síbẹ̀ kò ní bá èyí tí ẹ ti kọ pamọ́ dọ́gba láé.

Ọ̀rọ̀ orúkọ kíkún náà wà níbẹ̀. Bí ènìyàn bá yí orúkọ padà nínú “User Accounts” lórí XP, orúkọ kíkún tó ń hàn nígbà ìwọlé nìkan ló yí. Èyí tí GetUserName ń mú wá ṣì jẹ́ ti àtijọ́, orúkọ fódà tó wà nínú Documents and Settings náà kò sì yí. Fún orúkọ kíkún ti ẹni tí kò sí lórí dòméènì, GetUserNameEx pẹ̀lú NameDisplay máa ń kùnà pẹ̀lú àṣìṣe 1332, NetUserGetInfo ní ìpele 10 ni kí ẹ yà sí. SID ni kí ẹ fi ṣe kọ́kọ́rọ́ nínú àkọsílẹ̀ yín, kí orúkọ kàn wà fún ojú ènìyàn.

Environment.UserName ti .NET, GetUserName náà ló ń pè, nítorí náà kò ní gbà yín lọ́wọ́ “SYSTEM”. USERNAME tó wà láàárín àwọn iye àyíká (environment variables) kò ṣeé gbára lé, ẹnikẹ́ni lè fi àṣẹ set kan ṣoṣo yí i padà. Ti Windows 98, ẹ má tilẹ̀ dààmú: ẹni tó bá tẹ Esc nígbà tí wọ́n bi í ní ọ̀rọ̀ aṣínà ti wọlé nìyẹn.

Kí ẹ tó gbé e jáde, ẹ dán an wò nígbà tí kò tíì sí ẹni tó wọlé, nígbà tí ẹni méjì bá wà nínú ẹ̀rọ nípasẹ̀ “Switch User”, àti nígbà tí ẹ bá yọ okùn nẹ́tíwọ́ọ̀kì.