Ṣé Kí N Kọ Páswọ́ọ̀dù Mi Sílẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Iyán ni mò ń tà ní Ìkẹ́rẹ́, orí WhatsApp ni àwọn oníbàárà ti ń sọ iye tí wọ́n fẹ́ fún òde wọn. Ẹnì kan pè mí, ó ní òun ni akọ̀wé ẹgbẹ́ wa, pé nọ́ńbà 6 kan máa wọlé sórí fóònù mi, kí n kà á fún òun kí òun lè fi mí sí ìpàdé. Mo kà á. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti ń fi orúkọ mi yá owó kiri. Ọjọ́ 7 ni WhatsApp ní kí n dúró kí n tó lè lò ó padà. Ọmọ mi ní kí n fi PIN sí i, kí n sì pààrọ̀ páswọ́ọ̀dù email mi, torí orúkọ òun àti ọdún tí mo bí i ni mò ń lò níbi gbogbo. Ẹ̀rù ń bà mí pé n óò gbàgbé. Ṣé kí n kọ ọ́ sílẹ̀? (Ìyá Oníyán, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì)

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn ọmọ tó ń tún fóònù ṣe l'Adó yóò bá mi jà, ṣùgbọ́n ẹni tó pè yín kò mọ ilé yín, kò sì lè tinú fóònù na ọwọ́ dé abẹ́ aṣọ òkè tó wà nínú àpótí yín. Ibi tí mi ò fẹ́ kí ẹ kọ ọ́ sí ni ẹ̀yìn fóònù. Mo máa ń rí i níbi tí wọ́n ti ń báni ṣáájì nígbà tí kò bá síná: fóònù á tò lọ bẹẹrẹ lórí tábìlì, tépù funfun lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, "Ìyá Ṣadé 1234", kí ọmọ tó ń ṣáájì lè rí i ṣí! Ẹ má yà á ní fọ́tò pẹ̀lú.

Ọjọ́ 7 yẹn nídìí. Nọ́ńbà tí ẹ kà fún un ni WhatsApp fi ń mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ wà lórí fóònù tuntun. Bí olè ṣe wọlé, ó sáré fi PIN tirẹ̀ sí i; ẹ̀yin kò mọ PIN yẹn, ìdí nìyẹn tí WhatsApp fi ní kí ẹ dúró. Ká ní tiyín ti wà níbẹ̀, WhatsApp ì bá bi í ní PIN náà, olè náà ì bá sì dúró síta. Ẹ tẹ Settings, kí ẹ tẹ Account, ẹ ó rí Two-step verification. Nọ́ńbà 6 ni, kó má jẹ́ ọjọ́ ìbí ẹnikẹ́ni. Ẹ fi email yín sí i, òun ni ẹ ó fi bọ́ bí ẹ bá gbàgbé. Á máa bi yín ní PIN yẹn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Kí ẹ má baà gbàgbé ni.

Ti email tí ọmọ yín sọ ni mo kà sí jù. Ẹni tó bá ti wọ email yín lè pààrọ̀ páswọ́ọ̀dù Facebook yín àti ti ọ̀pọ̀ nǹkan mìíràn, torí ibẹ̀ ni wọ́n ń fi ìwé àtipààrọ̀ ránṣẹ́ sí. Torí náà, kí páswọ́ọ̀dù rẹ̀ dá dúró, kí ẹ má lò ó níbòmíràn. Kó gùn, gígùn ló ń dá olè lágara. Orúkọ ọmọ kò dáa, Ekiti1996 náà kò dáa, ta ni kò mọ ọdún tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ wa sílẹ̀? Ẹ mú ọ̀rọ̀ mẹ́rin tí kò bára tan: odo-ijapa-satide-agboorun. Ẹ má lo èyí gan-an o, gbogbo Èkìtì ti kà á.

Bó bá jẹ́ Gmail ni, kí ọmọ yín tan 2-Step Verification, tó ń bèèrè ẹ̀rí kejì lẹ́yìn páswọ́ọ̀dù, kó sì gba backup codes, ìyẹn àwọn nọ́ńbà àpamọ́, jáde. Mẹ́wàá ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré. Bí fóònù bá sọnù lọ́jà, àwọn ni ẹ ó fi wọlé. Inú àpótí náà ni tiwọn.

Oníbàárà tó bá ti fowó ránṣẹ́ sí olè yẹn, tí kò tíì sọ fún báńkì rẹ̀, kó lọ sọ lónìí, kó mú nọ́ńbà àkáǹtì tí owó náà lọ dání.