Kí ló ń fa èèyàn sí ìtàn ìfẹ́ apanilẹ́rìn-ín tí olólùfẹ́ inú rẹ̀ jẹ́ abàmì ẹ̀dá?

Ẹni tó béèrè láti Abẹ́òkúta, ìbàlẹ̀ ọkàn ni. Òǹkàwé ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé àwọn méjèèjì yóò fẹ́ra gbẹ̀yìn, nítorí náà ó ráyè rẹ́rìn-ín.

Àlọ́ tiwa kì í sábà parí báyẹn. Ọdẹ rí ẹfọ̀n tó bọ́ awọ rẹ̀ tó di obìnrin, ó gbé awọ náà pamọ́ sájà, ó fẹ́ ẹ. Nígbà tí orogún tú àṣírí, obìnrin náà gbé awọ rẹ̀ wọ̀, ó wọgbó lọ. Nínú ìtàn tuntun wọ̀nyí, olólùfẹ́ fúnra rẹ̀ ló máa ń jẹ́wọ́, wọ́n á sì gbà á tìwo-tìrù. Ibẹ̀ gan-an ló ti ń wọni lọ́kàn jù: kí ẹnì kan rí ohun tí o fi ń pamọ́, kó má sì sá.

Ẹ̀rín inú rẹ̀ ń wá láti ara nǹkan kékeré. Bí ẹ bá fẹ́ kọ ọ́, ẹ fi iwin oníwo sí ìsọ̀ àdìrẹ ní Ìtòkú, kí ìwo máa fa aṣọ ya. Kí ìṣòro ńlá jẹ́ owó ìsọ̀, kì í ṣe ogun.

Ohun tó sábà ń ba irú ìtàn yìí jẹ́ ni òfin ìparadà tí kò dúró. Bí òṣùpá bá ń pa abàmì náà dà ní orí kejì ìwé, kò gbọ́dọ̀ para dà lọ́sàn-án ní orí kẹwàá láìnídìí. Bákan náà, ẹ má fi ara abàmì náà ṣẹ̀sín; ìfẹ́ ò ní ṣeé gbà gbọ́ mọ́.