Ṣé dandan ni kí nọ́ọ̀sì kúrò lọ́dọ̀ aláìsàn kó tó lè gòkè?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ó ti pé ọdún 6 tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní wọ́ọ̀dù kan náà. Àwọn tá a jọ bẹ̀rẹ̀ ti ń di olórí wọ́ọ̀dù. Wọ́n ní kí èmi náà kọ̀wé béèrè fún ipò náà, àmọ́ ìtọ́jú aláìsàn ni mo fẹ́ràn. Ṣé ojú kan náà ni mo máa wà títí?

Ìdáhùn: Rárá, àbúrò mi. Ọ̀nà mẹ́rin ni nọ́ọ̀sì lè gbà gòkè: ìtọ́jú aláìsàn gan-an, ìṣàkóso, ìkọ́ni àti ìwádìí. Ti ìṣàkóso ni gbogbo ayé ń rí, torí òun ló ní ọ́fíìsì. Ìyẹn ló ń gbé ọ̀pọ̀ ọlọ́wọ́ ire kúrò ní wọ́ọ̀dù, ó sì máa ń dùn mí.

Lọ́dún 1984, Patricia Benner, nọ́ọ̀sì ará Amẹ́ríkà, ṣàlàyé ìpele márùn-ún tí nọ́ọ̀sì ń là kọjá, látorí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ dé orí ọ̀jáfáfá. Wo bó ṣe ń rí ní wọ́ọ̀dù. Ẹni tuntun á wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ aláìsàn, á kọ ọ́ sílẹ̀, á kọjá. Ọ̀jáfáfá á dúró díẹ̀. Á rí i pé aláìsàn tó ń sọ̀rọ̀ geere láàárọ̀ ti ń mí hẹlẹhẹlẹ, kò lè parí gbólóhùn kan. Á ka mímí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan gbáko, á sì ránṣẹ́ pe dókítà kí ìfúnpá tó já wálẹ̀. Ìmọ̀ nìyẹn, ó sì yẹ kó ní ipò àti owó tirẹ̀.

Àwọn ilé ìwòsàn kan ti ṣètò ìpele ìgbéga fún irú nọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀. Béèrè bóyá tiyín ní in, kó o sì béèrè bóyá owó oṣù ń bá a rìn, torí orúkọ lásán ni ti ibòmíì.

Ọ̀nà kejì tó o lè gbà gòkè láìkúrò lọ́dọ̀ aláìsàn ni kó o kọ́ ẹ̀ka kan ní àkọ́jinlẹ̀: ìtọ́jú ọgbẹ́, iṣẹ́ agbẹ̀bí, tàbí ìtọ́jú àwọn tí àìsàn wọn le gan-an. Òkè ìyẹn ni nọ́ọ̀sì tó ń yẹ aláìsàn wò fúnra rẹ̀, tó ń sọ ohun tó ń ṣe é, tó sì ń kọ oògùn fún un níbi tí òfin bá ti fàyè gbà á. Nọ́ọ̀sì Loretta Ford àti dókítà Henry Silver ló bẹ̀rẹ̀ irú ẹ̀kọ́ yìí ní Colorado, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1965. Lónìí, oyè másítà ni Ìgbìmọ̀ Àgbáyé Àwọn Nọ́ọ̀sì ní ó yẹ kó kéré jù fún un.

Jọ̀ọ́, má tíì sanwó ilé ìwé kankan o. Kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àjọ tó fún ẹ níwèé àṣẹ iṣẹ́ bóyá wọ́n ka kọ́ọ̀sì náà kún. Oṣù 9 ni mo fi ṣe ọ̀kan kí n tó gbọ́ pé wọn ò kà á sí. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn.

Láti ọ̀sẹ̀ yìí, ra ìwé kékeré kan. Ìgbàkígbà tó o bá ṣe ohun tó yí ọ̀ràn aláìsàn padà, tàbí tó o kọ́ ẹni tuntun níṣẹ́, kọ ọjọ́ rẹ̀, ohun tó o rí, ohun tó o ṣe àti ibi tó yọrí sí. Má kọ orúkọ aláìsàn o. Ìwé yẹn lo máa gbé síwájú wọn nígbà tí wọ́n bá ní kó o fi hàn pé ìgbéga tọ́ sí ẹ.