Èsì: Ṣé káàṣì nìkan lè dín ìnáwó kù?
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní owó oṣù yín kì í tó ọ̀sẹ̀ méjì tó fi ń tán, ẹ wá ń bèèrè bóyá tẹ́ẹ bá ń ná káàṣì nìkan ìnáwó yín á dínkù. Á dínkù o, èmi náà ti ṣe é. Káàdì yẹn gan-an ni wàhálà, téèyàn bá ti tẹ PIN báyìí ó parí, kò ní jọ pé owó kankan kúrò lọ́wọ́ ẹni, àmọ́ káàṣì, ojú yín ló máa ṣe bó ṣe ń fẹ́lẹ́ sí i.

Tówó bá ti wọlé, owó ilé, owó iná àti èyí tẹ́ẹ fẹ́ fi pamọ́, ẹ jẹ́ kíyẹn wà ní báńkì, ibẹ̀ náà ni kẹ́ẹ ti san án. Èyí tó kù lẹ máa gbà ní káàṣì, ẹ pín in sínú ẹ́ńfílọ́ọ̀pù, oúnjẹ lọ́tọ̀, ọkọ̀ lọ́tọ̀, fàájì lọ́tọ̀. Ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni kẹ́ẹ máa pín o, ẹ má pín ti oṣù lẹ́ẹ̀kan, ibẹ̀ lèmi ti kọ́kọ́ ṣìṣe. Ọjọ́ kẹsàn-án ni ẹ́ńfílọ́ọ̀pù fàájì mi gbẹ, mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í yá nínú ti oúnjẹ, mo tiẹ̀ ń kọ ọ́ sẹ́yìn ẹ̀ pé màá dá a padà. Ta ló dá a padà?

Ẹ fi káàdì sílé, kẹ́ẹ sì yọ nọ́ńbà ẹ̀ kúrò lórí fóònù níbi tẹ́ẹ ti ń rajà. Ẹ má ṣáà kó gbogbo owó oṣù sílé, tólè bá gbé e, kò sẹ́ni tó máa dá a padà fún yín.