Kí la máa kọ sínú ìwé ètò ìsìnkú bàbá wa?

ÌBÉÈRÈ: Màmá wa, ẹ kú iṣẹ́. Bàbá wa papò dà lóṣù tó kọjá, ọmọ ọdún 79 ni wọ́n. Wọ́n ja ogun abẹ́lé, wọ́n sì wa ọkọ̀ akẹ́rù láti 1971 títí di 2004 tí wọ́n fẹ̀yìn tì. Ṣọ́ọ̀ṣì ní ká mú ìtàn ìgbésí ayé wọn wá, ojú ewé kan péré. Ẹ̀gbọ́n mi ní ká kọ ti ogun dáadáa, ká dín ti ọkọ̀ kù, torí ojú táwọn èèyàn fi ń wo dírẹ́bà. Bẹ́ẹ̀ bàbá ò sọ̀rọ̀ ogun fún wa rí. Kí la máa ṣe?
Ọmọ olóògbé, Ògbómọ̀ṣọ́

ÌDÁHÙN: Ẹ kú àṣẹ̀yìndè o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́yìn bàbá dára.

Ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára, torí dírẹ́bà ni bàbá tèmi náà. Bedford ni wọ́n kọ́kọ́ wà, kó tó wá kan Mercedes 911. Ìbàdàn sí Kánò ni: wọ́n á kó obì lọ, wọ́n á kó ẹ̀wà àti àlùbọ́sà bọ̀.

Ẹ bá mi bi ẹ̀gbọ́n yín léèrè: ọdún mélòó ni bàbá fi jagun? Oṣù keje 1967 ni ogun yẹn bẹ̀rẹ̀, ó parí lọ́jọ́ 15 oṣù kìn-ín-ní 1970. Kò tó ọdún mẹ́ta. Ọdún 33 ni wọ́n fi wakọ̀, owó rẹ̀ ni ẹ jẹ, òun náà ni ẹ fi kàwé. Bí ẹ bá yọ ọ́ kúrò, òkú ta lẹ fẹ́ sin?

Ìwé ètò ìsìnkú bàbá mi ń bẹ níwájú mi báyìí. Èmi ni mo kọ ọ́. Oyè ṣọ́ọ̀ṣì, orúkọ àwa ọmọ, iye ọmọ-ọmọ. Kò sí ọkọ̀ níbẹ̀ rárá, ó sì ń dùn mí dòní. N kò kọ ọ́ pé apá òsì wọn dúdú ju tọ̀tún lọ, torí òun ló máa ń wà lójú fèrèsé tí oòrùn ń pa láti àárọ̀ dalẹ́. N kò kọ ọ́ pé bí a bá jókòó ní pálọ̀ tí ọkọ̀ kan ń gun òkè lóde, wọ́n á dákẹ́, wọ́n á tẹ́tí, wọ́n á ní, “Ó yẹ kó ti yí jíà yẹn láti ìsàlẹ̀.” Lọ́jọ́ kejì oṣù kẹrin 1972 tí gbogbo Nàìjíríà kúrò lápá òsì títì bọ́ sápá ọ̀tún, ìyá mi ní odidi ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n fi ń wí “ọ̀tún, ọ̀tún” lẹ́nu bí wọ́n bá ti ń jáde nílé. Bàbá yín náà ti ń wakọ̀ nígbà yẹn. Ẹ wádìí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn.

Ní ti ogun, ẹ má hùmọ̀ ohunkóhun. Ẹ tú àpótí wọn wò bóyá ìwé ológun wọn wà níbẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ kọ ọ́ pé wọ́n lọ, wọ́n bọ̀, wọn ò sì sọ ọ́. Kẹ́ ẹ sì wádìí bóyá ojú ogun ni wọ́n ti kọ́ ọkọ̀.

Èyí tó ká mi lára jù nìyí: ẹ wá ọmọ ọkọ̀ wọn kàn, ẹni tó ń fò sílẹ̀ lọ fi igi há táyà lórí òkè. Ọdún mọ́kànlá lẹ́yìn ìsìnkú ni mo tó rí ti bàbá mi. Ó ní lóru ọjọ́ kan, nítòsí Jẹ́bà, búréèkì kọ̀ wọ́n sílẹ̀ lójú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. “Ọ̀gá ní kí n fò, mo ní mi ò fò. Jíà ni wọ́n fi ń fà á sẹ́yìn títí ó fi dúró. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n di èjìká mi mú, wọn ò lè sọ̀rọ̀.” A ò gbọ́ ọ rí nílé.

Ẹ lọ bá a kẹ́ ẹ tó kọ ìlà kan. Bí ojú ewé kan ò bá gbà á, ẹ ní kí ṣọ́ọ̀ṣì fún yín ní méjì.