Èsì: Omele tó ń dún bí ẹ̀rọ nínú FPC

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní omele yín ń dún bí ẹ̀rọ, ẹ sì ń ronú láti ra sampler mìíràn, ìyẹn ètò tó ń lo ohùn tí a gbà sílẹ̀. Ẹ má tíì rà á. FPC, sampler ìlù tó wà nínú FL Studio yín (ètò kọ̀ǹpútà fún ṣíṣe orin), kò jẹ̀bi bí omele ṣe ń dún gbá-gbá-gbá bí ẹ̀rọ. Ohùn kan ṣoṣo lẹ gbé sórí páàdì (bọ́tìnì tí ẹ ń tẹ̀ kó dún), òun náà ló ń tún ara rẹ̀ sọ. Onílù gidi kì í lu awọ lẹ́ẹ̀mejì kó dún bákan náà.

1. Ẹ tún ohùn omele gbà sílẹ̀: lílù jẹ́jẹ́, ti àárín, àti èyí tó le, ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹrin.
2. Ẹ gé àlàfo tó dákẹ́ níwájú ohùn kọ̀ọ̀kan kúrò, kó má baà fà kó tó dún.
3. Ẹ kó wọn sórí páàdì kan ní ìpele-ìpele: velocity (bí lílù ṣe le tó) 1 sí 50 fún jẹ́jẹ́, 51 sí 95 fún àárín, ìyókù fún líle.

Bí ẹ bá fẹ́ kó máa pààrọ̀ ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fúnra rẹ̀, Hydrogen, ètò ìlù orí kọ̀ǹpútà, ní round robin (lílo àwọn ohùn náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, títò-léra), ọ̀fẹ́ sì ni. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an fún ìlù wa.

Àmọ́ omele, agogo àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ nìyẹn bá mu. Ìyá ìlù dùndún ń sọ̀rọ̀ ní tirẹ̀: bí onílù ṣe ń fún ọsán ìlù, ohùn á yọ́ láti ìsàlẹ̀ dé òkè lórí lílù kan ṣoṣo. Bí ẹ bá fi ohùn kéékèèké tò ó, ọ̀rọ̀ á dàrú. Ẹ pe onílù, ẹ gba odindi gbólóhùn sílẹ̀, kí ẹ gbé e sórí páàdì kan. Ẹ bi í ohun tó fi ìlù sọ kí ẹ tó gé e, kí ẹ má baà gé oríkì ẹnìkan sí méjì.